Merv Dargan àti Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Ń Jẹ Oògùn

Bí ẹ bá dé Dunorran tí ẹ béèrè ilé Merv Dargan, ẹni tí ẹ bá bi yóò kọ́kọ́ di imú rẹ̀ mú kó tó júwe ọ̀nà fún yín. Àwàdà ni o, kò sí ìkà nínú ẹ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni Merv ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọmi tó wà ní ìsàlẹ̀ ìlú wa, níbi tí gbogbo ohun tí a bá dà nù nílé ìgbọ̀nsẹ̀, nílé ìwẹ̀ àti nílé ìdáná ń gba inú páìpù lọ, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́ kó tó wọ odò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, a kì í rántí rẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí páìpù bá dí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu gbogbo wa á wá dùn, a ó máa pè é ní "Merv wa". Àwa ènìyàn náà!

Ó ga, etí rẹ̀ tóbi, ọ̀rọ̀ sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ohun méjì ló fẹ́ràn láyé: kí nǹkan mọ́, àti Elva ìyàwó rẹ̀. Ti ìmọ́tótó yẹn tiẹ̀ ti di bárakú sí i lára. Merv kò lè rí ohun tó ń yọ̀ lára ògiri táńkì kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Á gbé búrọ́ọ̀ṣì, á ṣí kiloríìnì, á fọ ibẹ̀ títí á fi máa dán. Trev Bessell tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé bí Merv bá dé ọ̀run, á ní kí wọ́n gbé àkàbà wá kí òun lè nu òkè ẹnu ọ̀nà.

Elva ní tirẹ̀, aránṣọ ni, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni wárápá ti ń bá a fínra. Nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin, ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó dá lọ sétí odò, nítorí wọ́n ti fà á yọ nínú omi rí. Ìgbà tí dókítà wá rí oògùn oníhóró tó bá a lára mu ni àìsàn náà tó fi í lọ́rùn sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó dá a lójú pé ara òun ti balẹ̀, odò ló kọ́kọ́ gbà lọ, òun nìkan. Ó jókòó sórí òkúta, ó sì sunkún ayọ̀. Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ kan kì í mọ́ kó má lọ. Àwọn platipọ́ọ̀sì ló ń lọ wò, àwọn ẹranko onírun, ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ, tó máa ń tijú yẹn, tí wọ́n ń wá kòkòrò jẹ nísàlẹ̀ omi. Ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó sanra jù lọ, Alága ló sọ ọ́, ó ní ó jọ alága ìgbìmọ̀ ìlú wa bó bá ń jáde látinú ìpàdé. Kò sì parọ́.

Níbi odò yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀ràn. Nígbà òtútù kan, ọ̀dọ́bìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan wá láti yunifásítì tó wà ní Hobart, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, Shanthi Kulasekera lorúkọ rẹ̀. Ó pe ìlú jọ sí gbọ̀ngàn, ó fẹ́ tọrọ ààyè láti dán nǹkan wò ní ilé ìfọmi wa.

"Oògùn tí a bá gbé mì, ara wa kì í lo gbogbo rẹ̀ tán," Shanthi sọ fún wa. "Ìyókù ń bá ìtọ̀ jáde. Ilé ìfọmi yín ń yọ ìgbẹ́, ó ń yọ ọ̀rá, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn ń kọjá níwájú wọn, wọn ò rí i. Ó ń wọ odò, kòkòrò odò ń mu ún, ohun tó bá sì jẹ kòkòrò náà ti jẹ oògùn pẹ̀lú."

Elva na ọwọ́ sókè. "Ṣé ó ń dé ara platipọ́ọ̀sì?"

"Ó ń dé ibẹ̀, mà."

"Irú oògùn wo?"

"Oríṣiríṣi ni. Ti ara ríro, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìbànújẹ́ ọkàn. Ti wárápá tiẹ̀ lágídí jù. Bó ṣe wọlé ló ṣe ń jáde."

Ẹyin lohùn. Ọmọ yẹn kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ẹ má dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Merv tó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ rí i bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rọra sọ̀ kalẹ̀, tó sì ká a mọ́ orí itan bí ẹni tí wọ́n bá wí.

Wọ́n délé, Elva padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó dáná, ó ránṣọ, ó lọ sódò, ó bọ̀. Ọ̀sẹ̀ ń gun ọ̀sẹ̀. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Merv ń wọ bàtà iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, tó gbọ́ tí ìkòkò tíì fọ́ yángá nílé ìdáná. Ó sáré wọlé. Elva wà nílẹ̀, wárápá ti gbé e. Ó ti pẹ́ tí Merv ti rí èyí kẹ́yìn débi pé ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tó yẹ kó ṣe. Ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ká ẹ̀wù òtútù rẹ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ó sì jókòó sínú tíì gbígbóná tó dà sílẹ̀ náà, ó ń pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ títí tó fi la ojú.

"Elva, ṣé ò ń lo oògùn rẹ?"

"Mò ń lò ó."

"Elva."

"Ìdajì ni mò ń lò."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ọmọ Hobart yẹn ti wá."

Ẹ̀rù tó ti ń ba Merv wá di ìbínú. "Ṣé orí rẹ pé báyìí? Nítorí ẹranko inú odò, o fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́?"

"Máà pariwo mọ́ mi, orí ń fọ́ mi." Elva di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Merv, oògùn yẹn ló sọ mí di ẹni tó lè dá lọ sódò. Ṣé kí n wá fi ba odò náà jẹ́? Ṣé bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn?"

Dókítà bá a wí, ó ní àìsàn yìí kò mọ eré, ó lè gbé e nínú ilé ìwẹ̀, ó lè gbé e lójú títì. Elva mi orí, ó dúpẹ́, ó délé, ó tún ń gé hóró náà sí méjì. Àwa tí a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé Elva lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tán láìgbà á. Odò tó ń dá lọ láti ìgbà tó ti ní ìlera, kò tún lè dá a lọ mọ́. Merv ló ń sìn ín lọ láàárọ̀, á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á di ìdí ẹ̀wù rẹ̀ mú bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Ó ń dun Merv, ó ń dun Elva, wọn kò sì lè bá ara wọn sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, létí odò níbẹ̀, Merv ní, "Ohun tí ọmọ yẹn gbé wá síbi iṣẹ́ wa, bó bá lè yọ oògùn rẹ kúrò nínú omi, ṣé wàá padà máa lo odindi?"

Elva wo omi. "Bó bá yọ ọ́, màá lò ó."

"Ṣé òótọ́?"

"Mú ọwọ́ wá."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni tó ń ta màlúù.

Ìlú ti gba Shanthi láàyè, ohun tó gbé wá náà rèé. Olú kan wà tó máa ń hù lára igi òkú nínú igbó wa, tó lè jẹ igi líle títí á fi di ìyẹ̀fun. Kì í ṣe eyín ló fi ń jẹ ẹ́. Ó ní nǹkan kan tó ń tú jáde, ẹ́ńsáìmù ni wọ́n ń pè é, òun ló ń já igi náà sí wẹ́wẹ́, ohun kan náà sì lè já oògùn sí wẹ́wẹ́ nínú omi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da ẹ́ńsáìmù sínú omi lásán, omi á gbé e lọ, ó parí nìyẹn. Shanthi wá há a mọ́ inú ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó rọ̀, tó fi oje ewéko òkun ṣe. Omi lè wọ inú ìlẹ̀kẹ̀ kó sì jáde, ẹ́ńsáìmù kò lè jáde. Ibẹ̀ ló máa jókòó sí, táá máa gé oògùn tó bá ń kọjá. Ó kó ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí, aláwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́ra bí oyin, kún inú àgbá onígíláàsì gíga kan, ó sì dá omi tí wọ́n ti fọ̀ tán gba àárín wọn kó tó wọ odò.

"Ẹ ṣáà má jẹ́ kí kiloríìnì kàn wọ́n," Shanthi kìlọ̀. "Ó máa bà wọ́n jẹ́ pátápátá. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun, Merv. Ẹ máa wò wọ́n ni."

"Mo gbọ́, Dókítà," ni Merv dá a lóhùn. Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Bó bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ wò. Trev ká a mọ́ ibi tó ti ń sọ fún wọn pé, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹun dáadáa o," ó fi ṣẹ̀fẹ̀ títí ẹ̀fẹ̀ náà fi gbó. Kò mọ̀ pé àdúrà ni.

Ọdún Àjíǹde wá dé. Ní ilé ìfọmi wa, ó ti di àṣà pé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn fún ìsinmi, wọ́n á fi kiloríìnì fọ gbogbo ohun tó bá ń yọ̀, kí wọ́n má baà bá ìdọ̀tí tó ti gbilẹ̀ níbẹ̀ bí wọ́n bá dé. Merv ló ń ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà ju orí rẹ̀ lọ. Ó fa rọ́bà láti táńkì dé táńkì, ó ń ronú nípa Elva, pé Shanthi ń bọ̀ wá bu omi lọ yẹ̀ wò lẹ́yìn ìsinmi, pé bó bá ti yọrí sí rere, odindi hóró láàárọ̀, odindi lálẹ́, kò ní sí ìbẹ̀rù mọ́. Ó dé ìdí àgbá onígíláàsì. Ohun kan tó ń yọ̀ ti hù lára gíláàsì náà. Merv rí i, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣe.

Ìgbà tó rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ náà ń funfun ló tó mọ ohun tó ti ṣe. Ó ti rọ́bà náà pa, ó ṣí omi sí wọn, ó pọ̀, kò dáwọ́ dúró. Wọ́n funfun síbẹ̀. Ó pe Shanthi lórí fóònù, kò fi bò.

Shanthi ní kó júwe àwọ̀ wọn fún òun. "Wọ́n ti kú, Merv," ló wá sọ. Ó ní òun máa tún òmíràn ṣe, òun ò bínú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lè fi bò pé ó dun òun.

Àṣà mìíràn wà níbi iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe gbọ́dọ̀ gbé kéèkì tí wọ́n yan nílé wá sídìí tíì. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á fi onítọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀, a kì í gbé e délé. Ìlànà tó dára ni, bí ẹ bá bi mí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Merv kò mọ kéèkì yan. Elva ló máa ń yan án, Elva sì ti mọ ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ sí irú kéèkì.

"Mo nílò kéèkì fún ibi iṣẹ́," Merv sọ fún un nílé ìdáná.

Elva rẹ́rìn-ín. "Kí lo tún bà jẹ́, arúgbó yìí? Ti ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni àbí ti ńlá?"

"Ti ńlá ni."

"Oníṣokoléètì?"

"Fi kírímù sí i."

"Ha! Fi kírímù sí i kẹ̀!" Elva bẹ̀rẹ̀ sí í po ẹyin. "Ta lo pa?"

Merv fa àga kan, ó jókòó. Nígbà tí Elva gbójú sókè, omijé ti ń ṣàn lójú ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí wọ́n sin bàbá rẹ̀.

"Mo fi kiloríìnì fọ ìlẹ̀kẹ̀," ló sọ. "Gbogbo wọn ti kú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, Elva. O ti ṣèlérí fún mi, mo wá bà á jẹ́. Mo ti kó ẹ sínú ewu."

Elva gbé abọ́ ẹyin sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára ápúrọ́ọ̀nù, ó lọ gbá orí ọkọ rẹ̀ mọ́ àyà. "Kò sí kinní kan," ló ń sọ, "kò sí kinní kan, ọkọ mi." Ẹ̀rín sì ń pa á díẹ̀, nítorí nínú gbogbo ayé, ta ló lè fọ nǹkan mọ́ títí á fi kú bí kò ṣe Merv?

Elva fúnra rẹ̀ ló gbé kéèkì náà lọ sídìí tíì. Trev rí kírímù, ó fẹsẹ̀ fò sókè. "Àwé, Merv, máa fọ gbogbo nǹkan lọ o! Fọ ọkọ̀ mi! Fọ ìyá ìyàwó mi!" Kódà Shanthi tó ti wakọ̀ wá láti Hobart pẹ̀lú àpótí rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì gba ègé kéèkì kejì. Ó ní oje ewéko òkun wà lọ́wọ́ òun, ẹ́ńsáìmù wà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ bíi ti nọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń kán an sínú omi tó ní èròjà tó ń mú un le, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á di ìlẹ̀kẹ̀ kan, ọwọ́ òun nìkan kò sì ká a.

"Bọ́tìnnì ni mo ti ń rán láti kékeré," ni Elva wí. "Gbé abẹ́rẹ́ rẹ wá."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ń kán oje náà tó, tó, tó. Àwọn ẹ̀kán náà ń rì, wọ́n ń le, wọ́n ń rí róbótó. Ọwọ́ Elva yá ju ti gbogbo wọn lọ, ó ń bá Shanthi tàkúrọ̀sọ nípa ìyá Shanthi tó fẹ́ kó tètè lọ́kọ. Àárín ọ̀rọ̀ ni ohùn Elva já. Kò ṣubú. Wárápá ni, ojú rẹ̀ kàn lọ, abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀ lókè omi. Merv sún mọ́ ọn. Ó rọra gba abẹ́rẹ́ náà, ó fi ọwọ́ òsì di ìyàwó rẹ̀ mú, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún bá a kán an lọ. Trev wo ilẹ̀. Nígbà tí Elva padà dé, Merv dá abẹ́rẹ́ padà fún un, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Shanthi ló dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tí ọkùnrin yìí fi ń kí ìlẹ̀kẹ̀ láàárọ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ tuntun wọ àgbá. Merv so àmì pupa mọ́ ọn lára, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ kiloríìnì sọ́wọ́ Trev, ó ní bí òun bá tọrọ rẹ̀, kó gbá òun létí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Shanthi bu omi lọ sí Hobart. Nígbà tó padà wá, kò jókòó kó tó sọ̀rọ̀.

"Oògùn ara ríro, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú omi. Èyí dára gan-an, Merv."

"Ti wárápá ńkọ́?"

Shanthi wo ojú rẹ̀. "Kò tó ìdajì tó yọ. Mo ti sọ pé ó lágídí. Mo máa tún gbìyànjú, ẹ́ńsáìmù mìíràn wà tí mo fẹ́ so pọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n báyìí, kò tó ìdajì. Ẹ dákun."

Merv wakọ̀ lọ sílé. Lójú ọ̀nà, ó ń fi irọ́ dánra wò. "Elva, ó ti yọ gbogbo rẹ̀." Ó sọ ọ́ kíkan, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí i nínú dígí ọkọ̀. Ta ni irọ́ náà máa pa lára? Elva kò ní mọ̀ láéláé. Hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́, ara rẹ̀ á balẹ̀, á sì tún máa dá lọ sódò rẹ̀. Nígbà tó fi máa pa ẹ́ńjìnnì lẹ́nu ọ̀nà, irọ́ náà ti dùn lẹ́nu rẹ̀ bí òtítọ́.

Elva ń bó ànàmọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Ó gbójú sókè, gbogbo ojú rẹ̀ ń béèrè.

"Kò tó ìdajì," ni Merv sọ.

Elva yí padà sí ẹ̀rọ omi. Ó bó ànàmọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó fọ̀ ọ́.

"O lè parọ́ fún mi," ló wá sọ.

"Mo ti ṣètò rẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́ nígbà tí mo rí ẹ."

"Kí ló dé?"

"Nítorí odò tìẹ ni." Merv bọ́ fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́. "Elva, mi ò lóye ọ̀rọ̀ tó pọ̀. Mi ò lè sọ pé oògùn náà kì í pa àwọn platipọ́ọ̀sì lára. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò tíì fẹ̀yìn tì. Mo ní kí n fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí, mi ò ṣe é mọ́. Ọmọ yẹn ń bọ̀ pẹ̀lú òmíràn, èmi ni màá dúró tì í, títí á fi ju ìdajì, títí á fi tán. Ṣùgbọ́n bí o bá kú, mi ò ní dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ kan. Kí ni màá máa fọ omi fún?"

Ó ti pẹ́ tí Elva ti gbọ́ kí ọkọ rẹ̀ sọ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Mo rò pé ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ẹnì kan sọ fún mi pé kò léwu," ló wí. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí n máa dà á lù wọ́n, kó má sì dun ẹnikẹ́ni."

Ó na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó mú hóró oògùn kan. Kò gé e. Ó bu omi ẹ̀rọ sínú ife, ó gbé odindi hóró náà sórí ahọ́n, ó sì mu omi lé e. Merv dúró síbẹ̀, ó ń wò bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń lọ sókè, tó ń lọ sílẹ̀. Ó mọ gbogbo ọ̀nà tí oògùn náà máa gbà láti ibẹ̀, ó sì mọ ẹni tó máa dúró dè é.